Ẹ̀wù Èké Lára Irin

Òórùn ni Moṣọpẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí nǹkan kan. Bó ṣe yọ ìṣó kejì kúrò lára àpótí pákó náà, òórùn ẹyin jíjẹrà tú jáde, ó sì gba gbogbo yàrá àyẹ̀wò kan. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà ni àpótí náà ti wá. Ó gbé ìdérí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì rí ọ̀pá fáàfù kan, irú èyí tí wọ́n ń yí láti fi ṣí ọ̀nà oru tàbí tì í, tó gùn tó apá àgbàlagbà, tó ti kán sí méjì. Ara ọ̀pá náà tó yẹ kó máa dán ti lu ihò wẹ́wẹ́ káàkiri bí ẹ̀wà tí kòkòrò jẹ. Níbi tó ti kán, ìpẹtà ti wọlé dé àárín gbùngbùn rẹ̀.

Ìwé méjì wà lábẹ́ ọ̀pá náà. Èkíní jẹ́ lẹ́tà. Fáàfù bẹ́ nígbà tí òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Kiprono ń yí i, oru gbígbóná bó o láti àyà dé ọwọ́, ọsibítù ló wà. Èkejì jẹ́ sátífíkéètì tó bá ọ̀pá náà lọ sí Kẹ́ńyà. Ó ní wọ́n ti yẹ ẹ̀wù ara irin náà wò, pé ó pé, ó sì dára. Orúkọ tó wà nísàlẹ̀ ni Moṣọpẹ́ Adétòkunbọ̀. Òǹtẹ̀ rẹ̀ wà lórí orúkọ náà gbàgàdà.

Ó wo déètì. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ọjọ́ Àbámẹ́ta. Láti ọdún méjì tó ti ń yẹ irin wò níbẹ̀, kò wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta rí.

Ilé iṣẹ́ kékeré ni, lẹ́bàá Ripple Road ní Rippleside, òṣìṣẹ́ mọ́kànlá péré. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wọ irin láṣọ. Àwọn tó ń fi ooru inú ilẹ̀ ṣe iná mànàmáná ló ń gbé irin wá fún wọn jù. Omi àti oru tí àwọn yẹn ń fà láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ gbóná ju omi híhó lọ, iyọ̀ wà nínú rẹ̀, ásíìdì wà nínú rẹ̀, ó sì ń gbá yanrìn wẹ́wẹ́ bọ̀. Irin lásán kò lè bá a gbé. Nítorí náà, wọ́n á mú ìyẹ̀fun níkẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lú pọ̀ mọ́ kúrómíọ́mù, tó wọ́n bí ojú, wọ́n á fi ìbọn iná fọ́n ọn mọ́ irin lára títí á fi lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Irin tó bá wọ irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ lè lo ọdún mẹ́wàá. Èyí tó wà níwájú Moṣọpẹ́ kò lo oṣù mẹ́rin.

Ó fa irin ìrẹ́rin yọ, ó rẹ́ ara ọ̀pá náà díẹ̀ sórí bébà, ó sì mú òòfà sún mọ́ ọn. Ìyẹ̀fun níkẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń lò kì í dá òòfà lóhùn. Eléyìí fò mọ́ ọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Irin lásán," ló sọ jáde. "Irin lásán ni wọ́n fi wọ irin láṣọ."

Ọ̀gbẹ́ni Prentice, òyìnbó tó ni ilé iṣẹ́ náà, kò ní kó jókòó. Gbádébọ̀ ti wà ní ọ́fíìsì ṣáájú rẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Gbádébọ̀ Ọdúnúgà ni fóò-máànù. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, òun ló sì ń di ìbọn iná mú. Alàgbà ni nínú ìjọ Aládùúrà tí Moṣọpẹ́ ń lọ. Òun ló sọ fún Moṣọpẹ́ pé iṣẹ́ wà, òun ló bá wọn wá ilé.

"Òǹtẹ̀ ta nìyí?" ni Prentice bi í.

"Tèmi ni, sà."

"Ìbuwọ́lù ńkọ́?"

"Ó jọ tèmi. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́."

"Ibo lò ń tọ́jú òǹtẹ̀ sí?"

"Inú dúrọ́ọ̀ mi."

"O máa ń tì í?"

"Àgádágodo rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ọdún tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé sí yín lórí ẹ̀."

Prentice kọjú sí Gbádébọ̀. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn. "Mi ò fẹ́ sọ ọ́, sà. Ó pè mí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn. Ó ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́, nítorí kọ́sítómà ń kánjú."

"Bọ̀dá!" Èdè Yorùbá ló bọ́ sí i lẹ́nu. "Irọ́ lẹ ń pa!"

"Ṣé o ò pè mí ni?"

"Mo pè yín láti dúpẹ́ ni! Ẹ fi mọ́tò yín gbé Kúnmi ọkọ mi wálé lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un!"

Gbádébọ̀ dá a lóhùn pẹ̀lẹ́, lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí Prentice lè gbọ́. "Wo fóònù rẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ọpẹ́ wo lèèyàn ń dú fún ìṣẹ́jú mẹ́fà?"

Moṣọpẹ́ gbé bébà àti òòfà sórí tábìlì. Ó ṣàlàyé. Ó tún un ṣàlàyé. Prentice wo eruku náà, ó wo fóò-máànù rẹ̀.

"Ó ti rẹ́ ẹ kọjá ẹ̀wù, sà," ni Gbádébọ̀ sọ. "Irin abẹ́ ló ń fà yẹn."

"Ẹ gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò ìta nígbà náà! Ọjọ́ méjì péré ni," ni Moṣọpẹ́ wí.

"Lọ sílé," ni Prentice wí. "Má fọwọ́ kan nǹkan kan. A ó pè ọ́."

Ó gba ọ̀pá náà, ó gba bébà, ó gba káàdì tí Moṣọpẹ́ fi ń ṣílẹ̀kùn.

Ilé wọn wà ní Marks Gate, níbi tí ariwo ọkọ̀ ojú ọ̀nà A12 kì í ti í dákẹ́. Kúnmi ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó dé. Orí ìdúró ni Moṣọpẹ́ ti ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Físà ńkọ́?" ni Kúnmi kọ́kọ́ bi í.

"Wọn ò tíì lé mi."

"Tí wọ́n bá lé ọ?"

"Ọgọ́ta ọjọ́ la ní láti fi wá iṣẹ́ mìíràn."

Kúnmi jókòó. Ìdí físà ìyàwó rẹ̀ ni tirẹ̀ so mọ́, ilé iṣẹ́ Prentice ló sì dúró fún ti ìyàwó rẹ̀. "Bọ̀dá Gbádébọ̀? Àwọn tó wá gbé mi lọ́sibítù?"

"Àwọn náà ni."

Ní ọjọ́ kejì, Moṣọpẹ́ pe nọ́ńbà tí ìjọba ní kí àwọn tí wọ́n bá lù ní jìbìtì máa pè. Orin ni wọ́n fi sí i létí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àádọ́ta, orin náà dákẹ́, fóònù sì kú. Ó tún un pè. Obìnrin kan kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó fún un ní nọ́ńbà gígùn kan, ó ní wọn yóò kọ̀wé sí i láàárín ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n.

"Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n? Àwọn ọ̀pá mìíràn wà níta, mi ò mọ iye wọn! Wọ́n lè bẹ́ lónìí!"

"Mo gbọ́ yín, ma. Ṣé nǹkan mìíràn wà tí ẹ fẹ́ kí n bá yín ṣe?"

Ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀gbẹ́ni tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní àárín Moṣọpẹ́ àti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ iná ní Kẹ́ńyà pé kí wọ́n yọ gbogbo ọ̀pá tí wọ́n gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Lọ́yà wọn ló gba lẹ́tà náà, lọ́yà fi ránṣẹ́ sí Prentice, Prentice sì fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí Moṣọpẹ́: bó bá tún kọ̀wé sí kọ́sítómà, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó wọ sùtánà, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìyá tó máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú ń wo ilẹ̀ bó ṣe ń kọjá. Gbádébọ̀ wà níwájú pẹ̀lú àmùrè aláwọ̀ búlúù, ó ń gbé orin. Nígbà ìwàásù, olórí ìjọ kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ẹ̀rín gbígbẹ kan gbọ̀n Moṣọpẹ́ lára; ó dìde, ó sì jáde kó tó di ẹkún.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Obìnrin kan tó wé ìborùn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì kọ̀ǹpútà. Nabeelah lorúkọ rẹ̀. Ó ní ilé iṣẹ́ adójútòfò tó ń dúró fún àwọn ará Kẹ́ńyà ló rán òun láti wádìí. Dagenham ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọmọ Ìwó làwọn òbí rẹ̀.

"Mo gbọ́ Yorùbá o, ma," ló sọ, "àmọ́ tí mo bá ń sọ ọ́, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n béèrè tààrà. Èló ni wọ́n fún yín?"

"Ta ló fún mi ní kí ni?"

"Ẹni tó ní kí ẹ buwọ́ lù ú."

"Mi ò buwọ́ lu nǹkan kan."

"Òǹtẹ̀ yín ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ pe fóò-máànù lọ́jọ́ yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

"Fún ìṣẹ́jú mẹ́fà?"

Moṣọpẹ́ lu tábìlì. "Ọmọ Yorùbá ni yín! Wọ́n gbé ọkọ mi láti ọsibítù, wọ́n gbé e gun àtẹ̀gùn, wọn ò gba owó epo. Mo kí wọn, mo kí ìyàwó wọn, mo kí ìyá wọn nílé, mo ṣàdúrà fún àwọn ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ìṣẹ́jú mẹ́fà wá pọ̀ jù?"

Nabeelah fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Màmá mi á lo ogún ìṣẹ́jú," ló wí. Ó ṣí ìwé rẹ̀. "Ó dáa. Báwo ni mo ṣe máa rí i dájú?"

"Ẹ lọ sí sítọ́ọ̀ wọn. Ẹ ṣí agolo ìyẹ̀fun. Ẹ mú òòfà sún mọ́ ọn. Ìyẹ̀fun tòótọ́ kò ní mira. Ayédèrú á fò."

"Ọ̀la ni mo máa lọ. Mo ti kọ̀wé sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Prentice."

"Ẹ ti ṣe kí ni?"

"Òfin wa ni. A gbọ́dọ̀ sọ fún wọn ní ọjọ́ kan ṣáájú."

Moṣọpẹ́ gbé ọwọ́ méjèèjì lérí.

Bó ti bẹ̀rù ló rí. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó dúró sí ibùdókọ̀ tó kọjú sí ilé iṣẹ́ náà, nítorí wọn kò jẹ́ kó wọlé. Wákàtí kan lẹ́yìn náà, Nabeelah jáde, ó ń gbọn orí. Agolo méjìlélógún ló ṣí. Kò sí èyí tó fò mọ́ òòfà nínú wọn. Gbádébọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń bá a gbé agolo sọ̀kalẹ̀, ó tún po tíì fún un.

"Wọ́n ti pààrọ̀ wọn," ni Moṣọpẹ́ wí.

"Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ mi ò lè kọ 'ó ṣeé ṣe' sínú ìwé. Ẹ má bínú, ma. Tí mi ò bá rí nǹkan kan di ọ̀la, orúkọ yín ni mo máa fi sílẹ̀ níbẹ̀."

Nígbà náà ni Màmá Magdalene jáde, tòun ti báàgì rẹ̀. Ìyá àgbàlagbà ará Èkìtì ni, òun ló ń gbálẹ̀ nílé iṣẹ́ náà láàárọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n sì ń lọ. Ó rí Moṣọpẹ́, ó yára kọjá. Ó dé ìkóríta, ó dúró. Ó padà wá.

"Ọmọ mi, mi ò fẹ́ kí wọ́n rí mi níbí. Àmọ́ oorun ò kùn mí láti ọjọ́ Àìkú. Nǹkan kan ni mo fẹ́ bi ọ́."

"Ẹ bi mí, Mummy."

"Mọ́tò tó ń kó àgbá eruku, ṣebí ọjọ́ Ajé ló ń wá?"

"Ọjọ́ Ajé tó bá parí oṣù ni, mà."

"Kí ló dé tí Alàgbà fi pè wọ́n lónìí? Àgbá ò tíì kún. Aago mẹ́fà ni wọ́n ti ní kí n gbá yàrá ìbọn, mo gbá a tán, wọ́n tún ní kí n fi omi fọ̀ ọ́. Láti ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbá ibẹ̀, wọn ò fi omi fọ̀ ọ́ rí."

Moṣọpẹ́ di apá Nabeelah mú. "Eruku! Gbogbo ohun tí ìbọn ń fọ́n kọ́ ló ń lẹ̀ mọ́ irin. Èyí tí kò bá lẹ̀, fáànù ńlá kan ló ń fà á sínú àgbá. Ohun tí wọ́n fọ́n láti oṣù kan ló wà níbẹ̀! Mummy, ìgbà wo ni mọ́tò náà lọ?"

"Kò tíì tó ogún ìṣẹ́jú."

Mọ́tò Nabeelah gbéra. Wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe ní Ripple Road, iná pupa sì mú wọn nígbà mẹ́ta lójú kan náà. Moṣọpẹ́ ń na ọwọ́ sí iná náà bí ẹni pé yóò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Nabeelah ń pe ọlọ́pàá kan tó mọ̀, Haneef, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jìbìtì. Haneef ní kó mú nǹkan tí ọwọ́ lè dì mú wá kí òun tó lè dìde.

Ọgbà àwọn tó ń ra irin àlòkù, níbi tí mọ́tò náà máa ń kó àgbá lọ, wà lẹ́bàá odò. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n sì rí mọ́tò náà nínú ọgbà, tí ẹ̀rọ agbẹ́rù ti gbé àgbá kan sókè. Ẹ̀ṣọ́ na ọwọ́ dí wọn lọ́nà.

"Bàtà ààbò dà? Ẹ̀wù aláwọ̀ yẹ́lò dà?"

"Ẹ dá àgbá yẹn dúró!"

"Láìsí bàtà, kò sí ìwọlé. Ṣé ẹ ní àpọ́íńmẹ̀ntì?"

"Wọ́n fẹ́ dà á nù!"

"Ẹ lọ fi orúkọ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ padà wá lọ́la."

Gbogbo ohun tí Moṣọpẹ́ ti ń mú mọ́ra láti ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, orin inú fóònù, ọkùnrin ẹ̀yìn gíláàsì, àmín gbogbo ìjọ, gbogbo rẹ̀ ló ru gùdù. Ó tẹ̀ síwájú, ó kọjá lábẹ́ ọwọ́ ẹ̀ṣọ́, ó sáré nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú bàtà pẹlẹbẹ rẹ̀, ó sì lọ dúró síwájú ẹ̀rọ náà gan-an. Awakọ̀ tẹ bíréèkì. Àgbá náà mì, kò ṣubú.

"Orí ń dà ọ́ rú ni?" ni awakọ̀ kígbe.

"Ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kàn gbé e sílẹ̀."

Nabeelah dé pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́, ẹ̀ṣọ́ sì ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀. Àgbá náà balẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ Prentice àti déètì wà lára rẹ̀, èdìdì rẹ̀ kò tíì já. Nabeelah ya fọ́tò rẹ̀, ó já èdìdì níwájú gbogbo wọn, ó sì ki òòfà bọ inú rẹ̀.

Eruku dìde. Ó bo òòfà náà, ó nàró lára rẹ̀ bí irun ajá tí inú ń bí. Ẹ̀ṣọ́ pàápàá sún mọ́ ọn láti wò ó.

"Haneef," ni Nabeelah sọ sínú fóònù, "mo ti rí i."

Ṣùgbọ́n akọ̀wé ọgbà náà ti pe Gbádébọ̀ láti béèrè àwọn obìnrin wo ló wá ń yẹ àgbá rẹ̀ wò. Nígbà tí Haneef àti ọlọ́pàá méjì dé ilé iṣẹ́, ẹ̀wù iṣẹ́ Gbádébọ̀ ń fì lórí ìkọ́, tíì rẹ̀ ṣì gbóná, òun fúnra rẹ̀ kò sí. Prentice dúró láàárín yàrá pẹ̀lú ẹnu yíyà. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan. Haneef bi í lẹ́ẹ̀mẹta, èsì kan náà ni. Kò purọ́. Kò tilẹ̀ wá ọ̀nà àtimọ̀ rí.

Filáàtì tuntun ni Gbádébọ̀ ń gbé ní Barking Riverside. Ìyàwó rẹ̀ ní ó wọlé, ó mú báàgì kan, ó jáde, kò kí òun. Ó lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ó rí ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà, ó sì yípadà sọ́nà odò bí ẹni tó ń ṣe fàájì. Haneef rí ẹ̀yìn rẹ̀ lókèèrè, ó ń yára lọ sí èbúté. Ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀, èrò ìkẹyìn ń wọ̀ ọ́. Gbádébọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó dé ẹnu géètì bí wọ́n ṣe tì í.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan péré!"

"Òmíràn ń bọ̀, sà," ni òṣìṣẹ́ èbúté dá a lóhùn.

Ọkọ̀ gbéra. Gbádébọ̀ yípo, ó bá Haneef lójú.

"Ọ̀gbẹ́ni Ọdúnúgà, ẹ gbé báàgì yẹn sílẹ̀."

Ó ki ọwọ́ bọ báàgì, ó fa ìwé kékeré kan yọ, ó sì jù ú sódò. Odò ti fà, ẹrẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Ìwé náà balẹ̀ sórí ẹrẹ̀, ó ṣí sílẹ̀, gbogbo wọn ń wò ó. Òṣìṣẹ́ èbúté sáré lọ mú ọ̀pá oníkọ̀ọ́. Ó na ọ̀pá, kò tó. Ó dọ̀bálẹ̀, ó tún un nà, orí ọ̀pá náà kan ìwé, ó sì tì í wọ inú ẹrẹ̀. Ìgbì tí ọkọ̀ fi sílẹ̀ bò ó. Ó rì.

"Nọ́ńbà àwọn ọ̀pá ló wà nínú rẹ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" ni Haneef béèrè bó ṣe ń dè é lọ́wọ́.

Gbádébọ̀ yíjú sí odò.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, lọ́yà jókòó tì í. Ọ̀sán ni, oòrùn ń wọ ojú fèrèsé.

"Mélòó ni?" ni Haneef bi í.

"Mi ò ní nǹkan sọ."

"Ibo ni wọ́n wà?"

"Mi ò ní nǹkan sọ."

"Ta lẹ ń ta ìyẹ̀fun tòótọ́ fún?"

"Mi ò ní nǹkan sọ."

Haneef gbé fọ́tò Kiprono síwájú rẹ̀. Gbádébọ̀ wo ògiri. Ìṣẹ́jú ń kọjá. Nínú yàrá ìdúró, Moṣọpẹ́ ń rìn síwá sẹ́yìn, Nabeelah sì ń bá àwọn ará Kẹ́ńyà jiyàn lórí fóònù. Wọn kò fẹ́ pa gbogbo ilé iṣẹ́ iná láìmọ ọ̀pá tí wọ́n ń wá.

Haneef fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì. "Jìbìtì ni mo mú yín fún. Ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀, àmọ́ ó ní òpin. Tí òmíràn bá bẹ́ lónìí, nígbà tí ẹ jókòó síbí, tí ẹ mọ ibi tó wà, tí ẹ sì panu mọ́, tí ẹnì kan bá kú, orúkọ mìíràn là ń pe ìyẹn. Lọ́yà yín á ṣàlàyé."

Lọ́yà tẹ̀ sí Gbádébọ̀, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. Nígbà tí Gbádébọ̀ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré.

"Ta ló sọ ọ̀rọ̀ àgbá fún yín?"

"Ìyá tó ń gbálẹ̀."

"Màmá Magdalene." Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Ìgbà àkọ́kọ́, mi ò ṣe é bí olè. Ìyẹ̀fun ò dé. Prentice ń pariwo pé ọkọ̀ òfuurufú ń lọ lọ́jọ́ Ajé. Mo lo ìyẹ̀fun irin tó wà nílẹ̀. Mo ní wọ́n á dá a padà, kí ojú tì mí, kó tán. Wọn ò dá a padà. Wọ́n kọ̀wé pé iṣẹ́ náà dára! Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń di ìbọn yẹn mú, ẹnikẹ́ni ò kọ̀wé yìn mí rí, ìgbà tí mo ṣe ayédèrú ni wọ́n yìn mí. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ṣe é lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọkùnrin kan ní Tilbury ló ń ra ojúlówó lọ́wọ́ mi."

"Òǹtẹ̀ ńkọ́?"

"Dúrọ́ọ̀ ọmọ yẹn ṣí sílẹ̀. Ìbuwọ́lù ẹ̀ ò ṣòroó kọ."

"Ẹ mọ̀ pé ó ní ọkọ, pé físà wọn—"

"Èmi ni mo bá wọn wá ilé," ni Gbádébọ̀ sọ, bí ẹni pé ìyẹn dáhùn nǹkan kan.

"Mélòó ni?"

"Mẹ́tàdínlógún."

"Ìwé yín ti rì."

"Mi ò nílò ìwé." Ó di ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ibi tí wọ́n lọ, mẹ́wàá sí Kẹ́ńyà, méje sí Íńdónéṣíà. Haneef ń kọ ọ́. Kò ṣi ọ̀kankan pè. Gbogbo wọn ló wà lórí rẹ̀ bí orúkọ ọmọ.

Kó tó di aago márùn-ún, Nabeelah ti fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́. Àwọn ará Kẹ́ńyà ti fáàfù wọn pa, wọ́n sì yọ mẹ́sàn-án tó kù lọ́wọ́ wọn. Ní Íńdónéṣíà, ẹ̀rọ ayàwòrán abẹ́ irin fi hàn pé ọ̀kan nínú méje náà ti sán yíká, ibi tó kù tó dì í mú kò ju ìbú ìka lọ. Àwọn mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáàfù náà lójoojúmọ́. Nabeelah ka ìròyìn náà sókè nínú mọ́tò, Moṣọpẹ́ sì bú sẹ́kún, ẹkún tó ti ń dì mú láti ọjọ́ àpótí.

Gbádébọ̀ kò jiyàn nílé ẹjọ́. Ọdún márùn-ún ni wọ́n dá fún un, wọ́n sì mú ọkùnrin Tilbury náà. Olórí ìjọ wá sí Marks Gate, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí Ọlọ́run ṣe ìdájọ́. Kúnmi ní kí wọ́n wọlé jókòó. Prentice fi lẹ́tà onílà mẹ́rin ránṣẹ́: ó kábàámọ̀ ìnira, kó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Moṣọpẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ "má bínú" wà. Kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, ó padà, nítorí físà kò gbọ́ ìbínú.

Ọ̀sẹ̀ kejì tó padà, fóònù rẹ̀ dún lákòókò oúnjẹ ọ̀sán. Nọ́ńbà Kẹ́ńyà ni. Ó jáde síta kó tó gbé e.

"Kiprono ni mò ń jẹ́," ni ohùn ọkùnrin kan sọ, lédè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Wọ́n ti fi mí sílẹ̀ lọ́sibítù. Ọwọ́ mi ń ká díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fi sátífíkéètì yẹn hàn mí lórí bẹ́ẹ̀dì. Oṣù méjì ni mo fi ń ṣépè fún orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀."

"Mo gbọ́, sà."

"Wọ́n ti wá sọ fún mi ohun tí ẹ ṣe. Mo fẹ́ dúpẹ́, mo sì fẹ́ dárúkọ yín nígbà tí mo bá ń dúpẹ́. Àmọ́ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é."

Ọkọ̀ ẹrù kan kọjá ní Ripple Road. Moṣọpẹ́ dúró títí ariwo rẹ̀ fi lọ.

"Moṣọpẹ́," ló wí.

"Moshopay."

"Ó kù díẹ̀. Ẹ tún un pè."